Ẹ̀yin méjì péré nínú ọkọ̀ onígbòkun: ẹ fi Jabi kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀sà

Bí ẹ̀yin tọkọtaya bá ń gbé Abuja, tí ọkọ̀ onígbòkun mítà méje sì ń dúró dè yín l'Ékòó, ẹ má dúró dọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé ọ̀sà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Adágún Jabi tó wà l'Abuja níbẹ̀ kò ní ìgbì òkun, ṣùgbọ́n ohun tó ń dààmú ẹni méjì nínú ọkọ̀ kò nílò òkun. Ọkọ̀ ẹni méjì, ọkọ̀ ẹnì kan ni: bí ọ̀kan bá sùn, tí òòyì gbé e dálẹ̀, tàbí tó bọ́ sómi, ẹnì kan ló kù. Nítorí náà, iṣẹ́ yòówù tí ọkọ bá ṣe, kí ìyàwó tún un ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni ń darí ẹ̀. "Ọkọ mi ló mọ ti ẹ́ńjìnnì" kì í ṣiṣẹ́ lórí omi. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó etí omi Jabi, kẹ́ ẹ sì yá ọkọ̀ kékeré kan.

Ìdákọ̀ró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ni bírékì, òun náà ni kọ́kọ́rọ́ ilé lálẹ́. Fún ọkọ̀ mítà méje, ìdákọ̀ró kílò 8 sí 10, ṣéènì mítà 6 àti okùn náílọ́ọ̀nù mítà 50 tó fún ọ̀sà. Ẹ ṣọ́ra fún okùn ọjà. Ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi: èyí tó bá léfòó kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, kì í nà bíi rọ́bà nígbà tí ìgbì bá fa ọkọ̀, oòrùn sì máa ń jẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ nù. Òun ló dáa láti jù sí ẹni tó bọ́ sómi.

Kì í ṣe jíjìn omi nìkan lẹ ó fi wọn okùn. Ẹ ka jíjìn omi, ẹ fi gíga imú ọkọ̀ kún un, ẹ tún fi mítà kan kún un l'Ékòó torí omi tó máa kún, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méje. Omi mítà 3, imú ọkọ̀ 1, omi kíkún 1: mítà 35 nìyẹn. Ẹni tó bá tú mítà 10 sílẹ̀ torí pé omi ò jìn, okùn á máa fa ìdákọ̀ró sókè, kò ní lè wọnú ilẹ̀.

Ẹ kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró, kẹ́ ẹ rọra sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀. Ẹni tó bá jù ú bí àwọ̀n, ṣéènì á wé mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń fà sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ máa tú okùn. Tó bá pé, ẹ so ó, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí réfáàsì fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé okùn náà. Tó bá le tó sì dákẹ́, ó ti mú. Tó bá ń gbọ̀n bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré, ìdákọ̀ró ń wọ́ nìyẹn. Ẹ fà á sókè, ẹ tún un ṣe. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí ará iwájú gbọ́ ará ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì ọwọ́ nílé: ìka síwájú, ìka sẹ́yìn, ìkúùkù fún "dúró". Ẹnikẹ́ni má pariwo.

Ẹni tó bá ti gbé Abuja mọ ìjì oṣù kẹrin: eruku á dìde láti ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ á tutù lójijì, páànù á máa lu ara wọn kí òjò tó dé. Irú ẹ̀ wà lórí ọ̀sà náà. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìkùukùu dúdú, ẹ dín ìgbòkun kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ dẹ okùn ẹ̀gbẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgbòkun, ẹ fi okùn òkè tó ń fa ìgbòkun sókè sọ ọ́ kalẹ̀ dé àmì, ẹ fi ihò iwájú ìgbòkun kọ́ ìkọ́ ìdí òpó, ẹ fà á sókè padà kó le. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ihò ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ti ẹ̀yìn ṣáájú, aṣọ lè ya. Òwú pupa tẹ́ ẹ bá rán mọ́ okùn òkè ni àmì yẹn.

Fún ẹni tó bọ́ sómi, wíwá a rí kọ́ ló le jù, gbígbé e wọlé ni. Ẹ bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ jù ú sínú Jabi, kí ẹnì kan ṣoṣo yí ọkọ̀ padà, kó sì fà á wọlé. Kílò 25 péré nìyẹn o, èèyàn á tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ yẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ ra àkàbà tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta wọnú omi. Kí láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn ẹni tó bá dá wà lókè.

Omi mímu àti ti ìdáná, lítà 4 fún ẹnì kan lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin, ẹni méjì: 32. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì 25 méjì, kì í ṣe táǹkì ńlá kan, torí èyí tó bá bàjẹ́ kò ní ba èkejì jẹ́. Ní ti iná, ẹ ti mọ ìṣirò inverter nílé: nínú bátìrì olómi Ah 100, 50 ni tiyín. Fíríìjì kékeré lè jẹ 30 sí 40 lóòjọ́, gbogbo ohun tí sólà wáàtì 100 máa mú wá nìyẹn. Ẹ fi fíríìjì sílẹ̀, ẹ ra kílíṣí kẹ́ ẹ tó kúrò l'Abuja. Òun àti gàrí ò nílò iná.

Bí ọkọ̀ onípákó bá lo ìgbà ọyẹ́ lórí ilẹ̀ l'Abuja, ojú ìsopọ̀ pákó á là. Ẹ má fi ohun líle dí i, torí pákó á tún wú nínú omi, á sì tì í jáde. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ tẹ́ sí i fún ọjọ́ mélòó kan.

Tẹ́ ẹ bá dé Èkó, ẹ wọn gíga òpó láti ojú omi, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbi ìtọ́kọ̀. Wáyà iná àti afárá ò ní yẹ̀ fún yín. Ẹ máa wò bóyá omi ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, torí koríko ojú omi máa ń dí ibi tó ti ń fa omi, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Lórí rédíò VHF, èyí tí àwọn ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìkànnì 16 ni ti pàjáwìrì. Ẹ má sì gba ẹnu ọ̀nà òkun jáde nígbà tí omi ọ̀sà bá ń fà: omi tó ń jáde á pàdé ìgbì tó ń wọlé, ìgbì yẹn á ga, á sì súnmọ́ra. Ẹ dúró sí etíkun Tarkwa Bay, tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà yẹn, títí omi á fi dákẹ́.