Ọkọ̀ Nóà, àpótí Mósè: bí mo ṣe tọpa ọ̀rọ̀ kan

Èmi ni iṣẹ́ kàn ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ́kísódù orí 2 sì ni ẹ̀kọ́ bọ́ sí. Láti kékeré la ti mọ ìtàn yẹn: ìyá gbé ọmọ pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí eèsú, ó gbé e sí ẹ̀bá odò. Mi ò fẹ́ lọ tún ohun tí wọ́n ti gbọ́ sọ, ni mo bá ṣí Bíbélì Hébérù lórí fóònù, èyí tó ń fi ìtumọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mo tẹ "àpótí" ní ẹsẹ 3. Tebah ló jáde. Mo ní kó kó gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà fún mi: ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n péré. Méjì wà nínú ìtàn Mósè, ní ẹsẹ 3 àti 5. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù, láti Jẹ́nẹ́sísì 6 dé 9 ni gbogbo wọn wà: ọkọ̀ Nóà ni. Kò sí níbòmíràn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́. Hébérù ní ọ̀rọ̀ fún agbọ̀n, òǹkọ̀wé kò lò ó. Ọkọ̀ ló kàn fún ọmọ ọwọ́ yẹn, lórí odò tí Fáráò ní kí wọ́n máa sọ àwọn ọmọkùnrin sí.

Mo fẹ́ fi ọ̀dà kún un. Nínú Bíbélì Yorùbá, Nóà fi ọ̀dà kun ọkọ̀, ìyá Mósè náà fi ọ̀dà ilẹ̀ ṣán àpótí. Inú mi ti ń dùn kí n tó yẹ Hébérù wò: kofer ni ti Nóà, chemar àti zefet ni ti ìyá Mósè. Mo pa á rẹ́ nínú ìwé mi, ó sì dùn mí. Èdè wa ló so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àpótí" ṣe ń mú wa rántí àpótí ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ aron ni ìyẹn ń jẹ́, kò bá tebah tan rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gba ìjọra kan mọ́ àfi tí ọ̀rọ̀ Hébérù rẹ̀ bá bára mu. Ní ẹsẹ 2, ìyá náà rí ọmọ náà pé ó dára, ki tov, ohun kan náà tí Jẹ́nẹ́sísì 1 sọ nígbà tí Ọlọ́run wo ìmọ́lẹ̀ tó dá. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni suf, eèsú ẹ̀bá odò tí wọ́n gbé e sí. Òkun tí à ń pè ní Òkun Pupa, Yam Suf ni orin Ẹ́kísódù 15 pè é. Ọmọ tí wọ́n fà yọ láàárín suf ló wá kó odindi ènìyàn la Yam Suf já!

Ní kíláàsì, mo ní kí ẹnì kan ka Jẹ́nẹ́sísì 6:14, kí màmá kan ka Ẹ́kísódù 2:3, mo sì sọ tebah fún wọn. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n tún un kà." Wọ́n fi ìka sí ẹsẹ náà, wọ́n rọra kà á: "Ó ṣe ọkọ̀ eèsú fún un."