Fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn katakata tí wẹ́dà rọ: iwájú ń gbéra, eyín ń kán, kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ọsàn àtijọ́ kan ni mo ń tún ṣe lọ́nà Ìkìrun, éékà 4, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti débẹ̀, igbó Akíntọ́lá ti gba gbogbo ẹ̀. A ti gé àwọn igi ọsàn tó ti gbó, ẹ̀ka wá kún ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí n má baà máa sanwó lébìrà lójoojúmọ́ ni mo ṣe ní kí wẹ́dà kan n'Óṣogbo níbí bá mi rọ fọ́ọ̀kì sẹ́yìn Massey 375 tí mo háyà, eyín 6 ló ní, ẹsẹ̀ bàtà 6 ni gígùn eyín kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́ kó máa kó ẹrù dáadáa ni. Bí mo bá ti gbé e kúrò nílẹ̀ báyìí, iwájú katakata á fúyẹ́, mo yí sitẹ́ríǹ sọ́tùn-ún ó ń lọ tààrà, lánàá díẹ̀ ló kù kí n wọ kòtò. Àbí katakata yẹn ò lágbára ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, kú oko o. Ó lágbára jàre, 75 hp kì í ṣe kékeré. Eyín tó gùn yẹn ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Gbé garawa omi mọ́ àyà, o ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọnrangandan pẹ̀lú garawa kan náà, wàá mọ ohun tí ojú katakata ń rí. Ká kàn fi àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn sí mítà 2 kí ìṣirò lè rọrùn, ká ní ẹrù tó o gbé jẹ́ kílò 300. Bí àárín ẹrù yẹn bá fi mítà 2.5 jìnnà sí àárín táyà ẹ̀yìn, kílò 375 ló ń ká kúrò lórí táyà iwájú. Fà á súnmọ́ títí táá fi ku mítà 1.5, kílò 225 ló máa ká. Ẹrù kan náà o, ibi tó o gbé e sí nìkan lo yí padà.

Nítorí náà gé eyín yẹn kó ku ẹsẹ̀ bàtà 4, kí férémù sì fara mọ́ ẹnu lower arm (apá méjì ìsàlẹ̀ tó ń gbé fọ́ọ̀kì lẹ́yìn katakata) pẹ́kípẹ́kí. Bí katakata ò bá ní weight níwájú, wá rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20 tó ti ṣófo, po kọnkéré sínú ẹ̀, ki irin tó o tẹ̀ bí ìkọ́ bọ̀ ọ́ kó tó gan, ọ̀kọ̀ọ̀kan á lé ní kílò 45, mẹ́rin ẹ̀ ń lọ sí kílò 190, fi kọ́ iwájú kó o sì dè é pinpin kó má máa fì. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má gbé ọmọ kankan jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì pé kó fi ara ẹ̀ tẹ iwájú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, ẹni bá já bọ́ níbẹ̀, abẹ́ táyà ló ń bọ̀ sí tààrà. Bó o bá sì ti kó ẹrù, má gbé e sókè bí ẹni gbé eégún, jẹ́ kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1 péré sílẹ̀, ìgbà tó o bá dé ibi tó o fẹ́ dà á sí ni kó o tó gbé e.

Ìbéèrè: A ti gé e kúrú ẹ̀gbọ́n, ó ti ń gbọ́ sitẹ́ríǹ. Àmọ́ eyín gan-an ló kù. Rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé ni wẹ́dà kọ́kọ́ lò, ó tẹ̀ bí ìkọ́ aṣọ, a wá pààrọ̀ ẹ̀ sí sípíríìngì trélà. Ọjọ́ kẹta, méjì ti kán, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó náà ló ti kán. Wẹ́dà ní ayédèrú irin ni mo rà.

Ìdáhùn: Wẹ́dà yẹn ń wá ẹni tó máa rù ú lé lórí ni. Irin gidi ni, iná ló bà á jẹ́. Rọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ yẹn náà kò ṣẹ̀, inú kọnkéré ni wọ́n rọ ọ́ fún, irú ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ irin Steel Rolling wa n'Óṣogbo níbí rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, bí ẹrù bá ti tẹ̀ ẹ́ kì í padà mọ́. Sípíríìngì ní tiẹ̀ máa ń tẹ̀ á sì padà, òun ló dáa, àmọ́ kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú ẹ̀, bí wọ́n bá fi iná jó o tó pọ́n tó wá tutù wàrà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á gan bí àwo tánganran. Lọ wo ojú ibi tó kán yẹn dáadáa: kò fà, kò tẹ̀, ó kàn já tọ́ọ́, ojú ẹ̀ á máa dán wínníwínní bí ẹni da iyọ̀ sí i. Ṣé wẹ́dà ò da omi lé e nígbà tó jó o tán? Mo ń béèrè ni, torí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí. Mi ò jó eyín mọ́ férémù rárá. Mo gé páìpù onígun mẹ́rin tó nípọn, ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, páìpù yẹn ni wọ́n jó mọ́ férémù, irin rírọ̀ ni, ó gba iná. Mo lu ihò sórí páìpù, a jó nọ́ọ̀tì lé ihò náà, mo ki ìdí sípíríìngì wọnú páìpù, mo wá fi bóòtì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè. Kò sí pé à ń lu ihò sí sípíríìngì fúnra ẹ̀, dírìlì lásán á kàn máa ké lórí ẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá kán, mo tú bóòtì, mo fà á yọ, mo ki òmíì sí i, ìṣẹ́jú 10 kò ní pé. Tó bá jẹ́ pé jíjó lo ṣì fẹ́, kí wẹ́dà lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀dù 7018 tó gbẹ, kó kọ́kọ́ fi iná yá ibẹ̀ kó tó jó o, tó bá tán kó fi eérú gbígbẹ bò ó kó tutù díẹ̀díẹ̀ títí dọjọ́ kejì.

Ìbéèrè: Nígbà míì tí mo bá ń gbé fọ́ọ̀kì lọ sókè, á kàn dúró láàárín, pàápàá tí mo bá fẹ́ yí jíà. Ṣé háídírọ́líìkì ti ń kú ni?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ ẹ ló ń dá a dúró. Kílọ́ọ̀ṣì Massey yẹn, ìpele méjì ló ní, bó o bá tẹ̀ ẹ́ dé àárín, jíà nìkan lo gé, bó o bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ pátá, PTO (ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí ẹ̀rọ tá a bá so mọ́ katakata) àti pọ́ǹpù háídírọ́líìkì dúró náà nìyẹn. Dá ẹsẹ̀ dúró sí ìpele àkọ́kọ́ tó o bá ń gbé ẹrù. Tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí, ìgbà yẹn ni kó o wo ọ́ìlì.

Ìbéèrè: Ìtì àyúnrẹ́ kan wà níbẹ̀ tí fọ́ọ̀kì ò lè gbé. Ṣé mo lè so ṣéènì mọ́ ibi top link (irin òkè tó di fọ́ọ̀kì mú lẹ́yìn katakata) kí n fi wọ́ ọ?

Ìdáhùn: Rárá o! Má dán an wò. Mo ti ṣe é rí, mi ò tíì gbọ́n nígbà náà, ìtì igi kan báyìí ni, gbòǹgbò kan mú un nílẹ̀ tí mi ò rí, mo já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pọ́ọ́, kí n tó ní mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà níwájú ojú mi yìí, mi ò rí oko mọ́, sánmà ni mò ń wò. Ṣéènì ló já, ni mo fi wà láyé. Ohun tó fà á ni pé bí ìtì bá kọ̀ tí kò bọ̀, táyà ẹ̀yìn ò lè yí mọ́, ara katakata fúnra ẹ̀ ló máa yí po lórí táyà náà, ibi tó o so ṣéènì mọ́ tó bá sì ti ga ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ, ó ń bá a fà á dànù sẹ́yìn ni. Drawbar, irin tí wọ́n fi ń wọ́ nǹkan tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, òun nìkan ni kó o so ó mọ́. Jíà kékeré, kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì. Tí iwájú bá gbé díẹ̀, dúró, gé ìtì náà sí méjì. Ìbòrí tó wà lórí katakata tó o háyà yẹn, òòrùn ló ń gbà, kò lè gba orí ẹ.

Ìbéèrè: Mo ti gbọ́, ẹ ṣé gan-an. Èyí tó kù ni pé ẹ̀ka máa ń já bọ́ lọ́nà kí n tó dé ìdí òkìtì, táyà sì ti jò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ṣé ẹ ń kó ẹ̀ka yẹn lójúlójú, àbí ẹ kàn ń rọ́ ọ? Ìdí ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ kọjú sí katakata, kí orí tó léwé wà lẹ́yìn. Tó o bá kó o lódì, ilẹ̀ á máa ta àwọn ọwọ́ ẹ̀ka sókè, gbogbo ẹ̀ á ṣí bí agbòòrùn, á sì tú. Kí àwọn ọmọ tò ó síbì kan kó o tó fi fọ́ọ̀kì wọlé sábẹ́ ẹ̀, kó o sì fi okùn kan dì í láti òkè. Ẹ̀gún ọsàn tó bá já bọ́ lójú ọ̀nà tó ti gbẹ, bí ìṣó ló rí, òun ló ń gún táyà iwájú ẹ. Yan ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí wàá máa gbà lọ gbà bọ̀, kí ẹnì kan máa fi ráàkì gbá a láàárọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀.