Header tí bison kọ, àti àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú Makefile

Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé `-MMD` ti gcc nìkan láti jẹ́ kí make (irinṣẹ́ tó ń build nípa òfin inú Makefile) mọ header tí fáìlì kan nílò. Òun ni àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù. Ẹ wo parser.tab.h: `bison -d parser.y` (bison ni irinṣẹ́ tó ń sọ òfin gírámà di kóòdù C) ló ń kọ ọ́ pọ̀ mọ́ parser.tab.c, lexer.c sì ń fi `#include` pè é. Lóòótọ́, `-MMD` máa ń jẹ́ kí gcc ṣàkọsílẹ̀ àwọn header, yàtọ̀ sí ti system, sínú fáìlì .d tí make yóò kà, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń compile ló ń ṣe é. Ní build àkọ́kọ́, kò tíì sí .d kankan, make kò sì mọ̀ pé lexer.o ń retí ohunkóhun. Bí parser.tab.o bá ṣíwájú lexer.o nínú OBJS (àkójọ àwọn fáìlì .o), gbogbo rẹ̀ lè lọ geere, oríire lásán sì ni. Ẹ fi `-j8` (kí iṣẹ́ mẹ́jọ lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà) sí i kí ẹ wò ó: `parser.tab.h: No such file or directory`.

Kò ní ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín o, nítorí header àná ṣì wà nínú fódà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ clone ni yóò jìyà rẹ̀. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé bó bá tún make pè lẹ́ẹ̀kejì, yóò ṣiṣẹ́, nítorí bison ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín ìgbà náà. (Èmi náà ti sọ fún ẹnìkan rí pé kó kàn tún un pè. Ojú ń tì mí.)

Ìlà kan péré ló ń wò ó sàn:

`lexer.o: | parser.tab.h`

Àmì `|` ń sọ pé kí header náà kọ́kọ́ wà; .d ni yóò máa ṣọ́ àyípadà lẹ́yìn náà.

Ẹ má sì kọ `parser.tab.c parser.tab.h: parser.y`. Lójú make, òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, nítorí náà bison lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí fáìlì kan náà. Láti GNU Make 4.3, tó jáde ní 2020, `&:` ni kí ẹ lò dípò `:`. Bí make yín bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, `%.tab.c %.tab.h: %.y` yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ògbólógbòó header tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lexer.c nígbà tí ẹ ń build sínú fódà mìíràn. `#include` tó ní àmì `" "` máa ń wo fódà fáìlì tó pè é kó tó dé `-I` (àwọn fódà tí ẹ ní kí gcc wá header sí), ti àtijọ́ ni yóò sì mú. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ má sì gbé e sínú git.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Automake (irinṣẹ́ tó ń bá yín ṣètò Makefile), BUILT_SOURCES, ìyẹn àkójọ fáìlì tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, wúlò fún `make all`, `make check` àti `make install`. Bí ẹ bá pe `make lexer.o` nìkan, kò ní ràn yín lọ́wọ́.