Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ oògùn atomoxetine fún ọmọ mi tó ní ADHD

ADHD ni ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè pọkàn pọ̀ tàbí kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Atomoxetine tí wọ́n ń lò sí i kì í ṣe oògùn tí ọmọ ń lò láàárọ̀ kí tíṣà tó rí ìyàtọ̀ lọ́sàn-án. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn dáadáa, nígbà mìíràn ó tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ hàn: èébì, inú rírun, oorun, kí oúnjẹ má wu ọmọ jẹ. Òbí tí kò mọ èyí á ti gbé oògùn náà jù nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí kí ó fi kún un fúnra rẹ̀, èyí tó burú jùyẹn lọ. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ mi ní Ìbàdàn níbí nìyí.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú kápúsù àkọ́kọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 6. UCH ní ẹ̀ka tó wà fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọwọ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí oògùn yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kẹ́místì àdúgbò. Wọ́n wọn bí ọmọ ṣe wúwo tó, bí ó ṣe ga tó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú déètì, nítorí ohun tí a ó máa fi wé nìyẹn. Oògùn yìí lè gbé ìfúnpá àti ìlù ọkàn sókè; bí kò bá sí nọ́ńbà ti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà. Ẹ sọ bí ọmọ bá ti dákú rí nígbà tó ń sáré, bí àyà bá máa ń dùn ún, tàbí bí ẹnì kan nínú ẹbí bàbá tàbí ti ìyá bá kú ikú òjijì ní kékeré. Ẹ sọ ti ásímà àti oògùn tó ń lò sí i, nítorí salbutamol tí wọ́n ń mu tàbí tí wọ́n ń fà sí iṣan lè mú kí ọkàn máa sáré jù bí ó bá bá atomoxetine pàdé. Ẹ sọ ti wárápá, ti ẹ̀dọ̀, ti glaucoma (àrùn ojú kan). Ẹ sọ ti àgbo náà.

Mo tún béèrè nípa oògùn ibà, mo sì rò pé ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo òbí níbí béèrè ni. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní CYP2D6, òun ló ń tú atomoxetine palẹ̀. Lumefantrine, tó wà nínú oògùn ibà artemether-lumefantrine tí a máa ń rà, lè dí i lọ́wọ́. Fluoxetine àti paroxetine, tí wọ́n jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ń dí i lọ́wọ́ gan-an. Nígbà náà, oògùn á máa pọ̀ sí i nínú ara bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí ọmọ ń lò kò yí padà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ẹ́ńsáìmù yìí kò ṣiṣẹ́ lára wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ìdí tí a kì í fi kánjú gbé e sókè nìyí. Bí ibà bá dé, ẹ pe dókítà tàbí apòògùn kí ẹ tó fún ọmọ ní nǹkan.

Fún ọmọ tí kò tó 70 kg, bí ó ṣe wúwo ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn: 0.5 mg fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, 1.2 mg ni ibi tí a ń lọ. Kò gbọ́dọ̀ kọjá 1.4 mg fún kìlógíráàmù kan, tàbí 100 mg lápapọ̀, èyí tó bá kéré jù. Kápúsù 10, 18, 25, 40, 60, 80 àti 100 mg ló wà. Ẹ wo ọmọ tó jẹ́ 22 kg: 0.5 lọ́nà 22 jẹ́ 11, nítorí náà kápúsù 10 mg ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. 1.2 lọ́nà 22 jẹ́ 26.4, kápúsù 25 mg ló sún mọ́ ọn jù. Dókítà ló ni ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n mo máa ń tún un ṣe fúnra mi kí n tó kúrò lọ́ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé oògùn náà ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dúró ó kéré tán ọjọ́ 3 kí wọ́n tó gbé e sókè. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 7. Ọjọ́ 7 ni a mú, òun sì ni mo fara mọ́.

Kí ẹ tó fún un ní ti àkọ́kọ́, ẹ rí i pé ti oṣù kan ti wà nílé, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo fámásì ló ń tà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí.

Odindi ni kí ọmọ gbé kápúsù mì. Ẹ má tú u sínú ẹ̀kọ tàbí Milo, nítorí ẹ̀tù inú rẹ̀ máa ń ta ojú. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà. Ọmọ tí kò tíì lè gbé oògùn mì, ẹ fi kóró ìrẹsì jíjinná kan kọ́ ọ, kí ó jókòó dáadáa, kí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe èyí ṣáájú ọjọ́ tí oògùn yóò bẹ̀rẹ̀.

A máa ń fún un lẹ́yìn tó bá ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, nítorí inú òfìfo ló ń fa èébì jù. Bí oorun bá ń kùn ún ní kíláàsì, dókítà lè yí àkókò rẹ̀ padà tàbí kí ó pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa fún ọmọ, kí ó sì máa fàmì sí kàlẹ́ńdà; nínú ilé tí ìyá àgbà wà, ó rọrùn kí ọmọ gba ti ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ fún un nígbà tí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe sọ ọ́ di méjì lọ́jọ́ kejì.

Ohun méjì wà tí kò gba sùúrù. Ní ọdún 2005, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pàṣẹ ìkìlọ̀ tó le jù sára oògùn yìí: ó lè mú kí èrò àtipa ara ẹni wá sí ọkàn àwọn ọmọ kan, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́ díẹ̀ àti ìgbàkígbà tí iye oògùn bá yí padà. Bí ọmọ bá dákẹ́ lójijì, tó ń bínú lọ́nà tí kò ṣe rí, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n: ẹyinjú pípọ́n, ìtọ̀ tó dúdú bí omi tíì, ara yíyún, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni àwọn àgbà wa máa pè é, wọ́n á sì ti gbé àgbo ka iná. Ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ tíṣà rẹ̀ kó dáhùn ìbéèrè díẹ̀ lórí ìwé: ṣé ó ń parí iṣẹ́, ṣé ó ń dìde ṣáá, ṣé ó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 a fún un ní ìbéèrè kan náà, a sì tún wọn ìfúnpá àti ìwúwo ọmọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn ìfúnpá náà nígbàkígbà tí iye oògùn bá yí padà, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, pẹ̀lú bí ó ṣe ń ga.

Bí dókítà bá pinnu láti dá atomoxetine dúró, kò pọn dandan kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Clonidine àti guanfacine, tí àwọn náà wà fún ADHD, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: bí wọ́n bá dáwọ́ dúró lójijì, ìfúnpá ọmọ lè fò sókè. Bí èyí tí ọmọ yín ń lò bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ka iye tó kù kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì.