Nẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fọn, Okùn àti Òsùwọ̀n: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ewé Àbàtà Wò

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, ọmọkùnrin kan rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Kàkà kó sunkún, ńṣe ló bu ẹrẹ̀ náà sọ́wọ́, ó ní, "Tìṣà, ẹ wo bó ṣe dúdú! Ilẹ̀ yìí máa lọ́ràá gan-an ni." Mo ní òótọ́ ló sọ. Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ara wa la jọ ń tàn. Ẹrẹ̀ tí ewé kún inú rẹ̀ lè dà bí ẹni tó lówó ní báńkì tí kò ní káàdì tó máa fi gbà á. Oúnjẹ wà nínú ewé náà, àmọ́ kò tíì jẹrà, ọ̀gbìn kò sì rí i jẹ.

Tìṣà iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí, ọdún 21 ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní Mẹ́ńlándì níbí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò gba owó ńlá. Ẹni tó bá ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àlòkù, okùn, àti òsùwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì ń lò, ó lè mọ ohun tí ọwọ́ èèyàn ti ṣe sí ilẹ̀ àbàtà àdúgbò rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lú u pọ̀ mọ́ra fún yín. Ewé mélòó ló ń já bọ́? Báwo ló ṣe ń yá jẹrà sí? Ewé tí ẹ ń rí nílẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù ni, bí owó tó ṣẹ́kù nínú àpò lẹ́yìn tí ẹ ti ná tán. Bó bá pọ̀, ó lè jẹ́ pé igi ń wọ́wé gan-an, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ń jẹ ewé náà ni. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ilẹ̀ mẹ́ta la máa ń lò. Èkíní ni etí ọ̀sà tí igi ẹ̀gbà ṣì wà, àwọn tó ń fi gbòǹgbò dúró bí ẹni gun àgéré. Ẹni bá dúró níbẹ̀ á máa wo afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990. Èkejì ni akúrọ̀ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánáàlì, níbi tí wọ́n ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tí wọ́n ti fa yanrìn ọ̀sà dà sí, tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Àbàtà kan náà ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé síbẹ̀ o. Àwa gbé téèpù àti èèkàn dání lọ́jọ́ kan, a ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi yí wa ká, wọ́n ní ta ló ní ká wá wọn ilẹ̀ wọn tà. Ọpẹ́lọpẹ́ yúnífọ́ọ̀mù ọrùn àwọn ọmọ. Àtìgbà náà, ẹ̀bùn ni mo máa ń mú lọ kí àgbà àdúgbò kí n tó mú téèpù lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń já bọ́. Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀, kí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló ń jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, torí náà ẹ ṣe mẹ́rin fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣirò á rọrùn. Ẹ rán nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn bí àpò tó rọ̀ sísàlẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa gbá ewé jáde. Ẹ gbé e kọ́ sábẹ́ igi, kí ìdí rẹ̀ ga ju ibi tí omi ọ̀sà ń dé lọ. A ò mọ ìyẹn ní tiwa. Omi kún lóru, ó gbé ewé ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bàbá apẹja kan ló wá fi ìka kan ara gbòǹgbò, ó ní, "Tìṣà, ṣé ẹ ò rí ibi tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ yìí ni? Ibẹ̀ lomi ń dé." Ó ti wà níwájú mi láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa kó o. Lásìkò òjò, ẹ kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí òjò a máa fọ pọtásíọ̀mù, ọ̀kan lára oúnjẹ ọ̀gbìn, kúrò lára ewé kó tilẹ̀ tó jẹrà. Ẹ ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò (Èkó ni, ẹ máa rí i), kí ẹ ya ewé sọ́tọ̀, igi wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀, òdòdó àti èso sọ́tọ̀. Ẹ sá a sóòrùn títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà mọ́. Bẹ́ẹ bá ní ààrò iná mànàmáná, kó má kọjá 70 lórí òsùwọ̀n Celsius. Kì í ṣe ẹran súyà lẹ fẹ́ yan. Kí ẹ sì kọ ọ́ sára àpò pé kì í ṣe pàǹtí. Ẹni tó ń gbálẹ̀ níbi tí mo kó ewé oṣù kan sí ti fi iná sí i rí, nítorí pé ó fẹ́ràn ìmọ́tótó.

Ní ti ewé tó ń jẹrà, ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ rán àpò kéékèèké, sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú lóròó, kí ẹ di giráàmù 10 ewé gbígbẹ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ewé kan náà ni kí ẹ lò nílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló yàtọ̀ tàbí ewé. Àwa ń lo ewé ẹ̀gbà àti ewé fúrúùtù, torí kò sí àgbàlá ilé ìwé tí igi fúrúùtù ò sí. Ewé tó ti pọ́n tó sì já bọ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣà, ẹ má já tútù. Igi kì í jẹ́ kí ewé lọ báyẹn ṣáá. Kó tó tú u sílẹ̀, ó ti fa púpọ̀ nínú náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì inú rẹ̀ padà sára. Ẹni tó bá lo ewé tútù, oúnjẹ tí ilẹ̀ kì í rí gbà ló gbé fún un.

Ojú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kéré, akàn kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà ẹ rán ìdajì àpò yín pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Láàárín igi ẹ̀gbà, akàn a máa fa ewé wọnú ihò rẹ̀, a sì máa jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín àpò méjèèjì, iṣẹ́ akàn, ekòló àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni. Nínú ilẹ̀ yanrìn, ẹ ó rí i pé àpò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Àpò 15 fún oríṣi nẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa mú mẹ́ta-mẹ́ta kúrò lọ́sẹ̀ kejì, ìkẹrin, ìkẹjọ, ìkejìlá àti ìkẹrìndínlógún. Ẹ gé agolo mínírà, kí ẹ fi ìṣó kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ so ó mọ́ àpò. Bébà á jẹrà ṣáájú ewé. Ẹ tẹ́ àpò sórí ilẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ èèkàn. A fi aṣọ pupa sórí èèkàn wa kí á lè tètè rí i, ni aládùúgbò kan bá ránṣẹ́ sí wa pé ká wá kó ẹbọ wa. Mo tọrọ àforíjì, mo sì fi aṣọ aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti jí okùn wa. Èyí tó bá wù yín, ẹ lò ó.

Tẹ́ ẹ bá mú àpò wálé, ẹ rọra fi omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò, ẹ sá a, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí giráàmù 10 bá di 6 lọ́sẹ̀ kẹjọ, ìdá 40 nínú 100 ti lọ. Àkẹ́kọ̀ọ́ mi kan mú giráàmù 11 wá. Mo bi í pé ṣé ewé rẹ̀ bímọ ni. Ẹrẹ̀ tí kò ṣan dáadáa ni.

Kí lẹ máa rí? Láàárín igi ẹ̀gbà, ewé ń já bọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n omi ti gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ewé kò sì lè ṣiṣẹ́ kíákíá láìsí afẹ́fẹ́. Ewé ń kún orí ara wọn. Ilẹ̀ náà sì ń mu omi bíi kànìnkànìn, èyí tí ara Bàrígà mọ iyì rẹ̀ nígbà òjò oṣù kẹfà.

Akúrọ̀ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni mo fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ lé. Wọ́n la kótò kí omi lè fà, wọ́n kọ ebè, atẹ́gùn wọlé, ewé sì ń jẹrà kíákíá. Oúnjẹ tó ti há mọ́ inú ẹrẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ tú sílẹ̀, ẹ̀fọ́ ọdún àkọ́kọ́ sì dúdú mìnìjọ̀. Àmọ́ igi ò sí lókè mọ́, ewé tuntun kì í já bọ́, ohun tó ń jẹrà ń tán lọ, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ewédú tó ń lọ sí ọjà Oyíngbò, ó ń gbé náítírójìn lọ ni, kò sì sí oníbàárà tó ń dá a padà. Ìyá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Tìṣà, kí ló dé tí ìgbẹ́ adìẹ àpò méjì ò tó mi mọ́?" Ìwé tí mo kọ ìwọ̀n sí ni mo ṣí fún wọn.

Wọ́n tún ti gbìyànjú èérún pákó láti Òkò Bàbá, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀fọ́ wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èérún pákó kò ní náítírójìn tó, torí náà àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ jẹ ẹ́ a máa já ti inú ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀fọ́. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, kí ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó sì ń sun ewé, èéfín ló ń gbé náítírójìn rẹ̀ lọ. Pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù ṣẹ́kù nínú eérú, òjò àkọ́kọ́ á wá fọ̀ ọ́ sínú ọ̀sà. Ilẹ̀ oníyanrìn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: kò sí ewé, yanrìn kò sì lè di oúnjẹ mú.

Ẹ yẹ erùpẹ̀ wò náà. Ẹ bù ú láti ibi mẹ́wàá nínú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀, kí ẹ pò ó pọ̀. Yàrá ìwádìí á wọn náítírójìn pẹ̀lú ọ̀nà Kjeldahl, tó ti wà láti 1883, á sì wọn kábọ́ọ̀nù, tó ń fi hàn bí ohun tó ti ara ewé wá ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀, pẹ̀lú ti Walkley àti Black ti 1934. Tí èsì bá dé, ẹ má tètè yọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ agolo mílíìkì kan tó kún fún yanrìn gbígbẹ wúwo gan-an ju agolo ẹrẹ̀ gbígbẹ lọ. Ẹ bu erùpẹ̀ kún agolo kan náà nílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ìwọ̀n náà sọ ìdá yẹn di oúnjẹ inú agolo kan. Èyí ni gbòǹgbò ọ̀gbìn ń bá pàdé nínú ilẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ àbàtà ẹ̀gbà di oko, kó kọ́kọ́ ṣe èyí. Ẹrẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Nínú omi, kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá fa omi náà gbẹ tí atẹ́gùn kàn án, ó lè di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Ẹ ra bébà pH, èyí tó ń fi bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó hàn (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó), lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà l'Ọ́jọ̀ọ́ta, ẹ wọn ẹrẹ̀ tútù náà, kí ẹ tẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ sínú àwo tí kò ní ìdérí. Ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí i kó má gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ti já sí ìsàlẹ̀ 4, ẹ fi igi ẹ̀gbà sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹrìndínlógún, ẹ ká gbogbo nẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ ka nọ́ńbà wọn kí ọ̀kan má ṣẹ́ kù sómi, torí akàn àti ẹja wẹ́wẹ́ á há sí i. Èèkàn wa, Bàbá apẹja ti ní ká fi sílẹ̀ fún òun. Ibẹ̀ ló ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ báyìí.