Géèmù Tó Ń Kú Bó Ṣe Ń Ṣí: Ẹ Má Tíì Pa Á Rẹ́

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi kan ní Ìsánlú fi òru mẹ́rin gba géèmù kan sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, torí òru ni dátà máa ń dínwó. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù, géèmù sì pòórá. Ló bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún fi òru mẹ́rin mìíràn gbà á, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó gbé e wá bá mi ní Kàbbà, ohun tí kò tó 50MB ni mo fi tún un ṣe. Owó dátà yẹn dùn mí dọ́kàn. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ni màá fi ṣáájú.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ Restart, ẹ má tẹ Shut down. Lórí Windows 10 àti 11, Shut down kì í sábà pa gbogbo nǹkan tán, nítorí Fast Startup, ètò tó ń tọ́jú apá kan Windows pamọ́ kó lè tètè tan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àyè tó kù lórí C, ibi ìpamọ́ tí Windows wà. Bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ kó fíìmù àti fọ́tò kúrò níbẹ̀, nítorí Windows máa ń yá lára àyè yẹn nígbà tí RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò bá tó.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun ló ń sọ ohun tó pa géèmù náà. Ẹ jẹ́ kí géèmù kú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì wo aago. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ eventvwr.msc, ẹ tẹ Enter, Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ Windows, yóò sì ṣí. Ẹ ṣí Windows Logs, lẹ́yìn náà Application. Ẹ wá àmì pupa tí wọ́n kọ Error sí, tí àkókò rẹ̀ bá ìgbà tí géèmù kú mu. Ìlà méjì lẹ ó kà níbẹ̀: Faulting module name àti Exception code.

Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ MSVCP140.dll tàbí VCRUNTIME140.dll, Visual C++ Redistributable, àkójọ fáìlì Microsoft tí ọ̀pọ̀ géèmù gbára lé, ló ti gbó tàbí tó bà jẹ́. Ohun tó ṣe àbúrò mi nìyẹn. Ẹ gba tuntun lọ́dọ̀ Microsoft, ẹ̀yà x86 (32-bit) àti x64 (64-bit) méjèèjì. Bó bá jẹ́ nvwgf2umx.dll, driver NVIDIA ni, ìyẹn ètò tó ń darí graphics card, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde. Bó bá jẹ́ atidxx64.dll, ti AMD ni. Bí ẹ bá rí ntdll.dll tàbí KERNELBASE.dll, Windows ló ni wọ́n. Ibẹ̀ ni géèmù ṣubú sí, kì í ṣe ibẹ̀ ló ti kọsẹ̀, ẹ máa bá àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ.

Nínú Exception code, 0xc000001d ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó ń sọ pé géèmù bèèrè ohun tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló sábà máa ń rí èyí. Àmì i5 ti Intel tó wà lára rẹ̀ kò tó ẹ̀rí: i5 ti ọdún 2010 kò ní AVX, àkójọ àṣẹ ìṣirò tí àwọn géèmù kan ń bèèrè, rárá, AVX2 tó tẹ̀lé e sì dé ní ọdún 2013. Kò sí driver tó lè wo ìyẹn sàn, ẹ má fi dátà ṣòfò lé e lórí.

Bí àpótí kékeré bá jáde tó ní òun kò rí d3dx9_43.dll, DirectX End-User Runtimes ti June 2010, àkójọ fáìlì Microsoft fún àwọn géèmù àtijọ́, lẹ nílò. Ó tó nǹkan bí 96MB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba ẹyọ dll kan ṣoṣo ní ojúlé tí ẹ kò mọ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé.

Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ní graphics card méjì, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Graphics, ẹ mú géèmù náà, kí ẹ sì yan High performance. Driver tuntun lè ju 500MB lọ, ẹ má gbà á àfi bí àkọsílẹ̀ Event Viewer bá ti nàka sí i.

Ẹ tún wo Documents àti AppData (fólídà tó fara pamọ́) fún fólídà ètò géèmù náà, torí ètò tó bà jẹ́ lè máa pa géèmù. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà ni, torí ibi tí ẹ bá eré dé lè wà níbẹ̀. Ẹ yẹ Protection history wò nínú Windows Security bóyá ó ti ti fáìlì kan mọ́lé. Géèmù tí wọ́n tú, tí wọ́n ń pín káàkiri lórí flash, ló sábà ń fa èyí, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láé pé kó pa ààbò kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Bí iná bá lọ nígbà tí géèmù ń wọlé, fáìlì díẹ̀ lè ti bà jẹ́. Lórí Steam, ẹ tẹ ọ̀tún eku sórí géèmù, Properties, Installed Files, Verify integrity. Ìwọ̀nba èyí tó bà jẹ́ nìkan ni yóò tún gbà. Ẹ rí i pé bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá lè pa géèmù rẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti da fólídà Documents àti AppData rẹ̀ kọ sórí flash.