Ààrò búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé

Kò dìgbà tí ẹ bá ní ilẹ̀ gbalasa kí ẹ tó mọ ààrò búrẹ́dì. Tèmi wà lẹ́yìn ilé ní Ìbàdàn, láàárín kànga àti fẹ́ǹsì. Ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóòró ló gbà, yàtọ̀ sí ibi tí mo ń dúró sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn òjò ti máa ń wá. Aṣọ tí ẹ sá sórí okùn yóò sọ fún yín. Ẹ má kọ ẹnu ààrò síbẹ̀. Ẹ má sì kọ ọ́ sí fèrèsé aládùúgbò, torí èéfín òwúrọ̀ kan péré ti tó dá ìjà sílẹ̀. Páànù tí ẹ bá fi bò ó gbọdọ̀ ga dáadáa, kí òpó rẹ̀ sì jẹ́ irin.

Búlọ́ọ̀kù ni ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀ dé ìbàdí, kí ẹ̀yìn má baà máa ro yín. Ẹ fi òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kún inú rẹ̀, kí ẹ to ìgò òfìfo lé e lórí, kí ẹ fi amọ̀ tí a pò mọ́ ìyẹ̀ pákó dí àárín wọn. Afẹ́fẹ́ inú ìgò ni kì í jẹ́ kí ooru sá lọ sísàlẹ̀. Yanrìn ínṣì kan ló kàn, lẹ́yìn náà bíríkì pupa tí wọ́n ti sun. Ẹ to bíríkì yìí láì fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá là, ẹ ó kàn yọ ọ́ ni.

Birikilà tó bá mi ṣe tèmi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká bu sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí amọ̀ yìí kó lè le." Mo ní kó gbé sìmẹ́ǹtì rẹ̀ lọ sí ìdí ààrò, níbi tí iná ò dé. Iná líle máa ń fa omi inú sìmẹ́ǹtì tó ti gan jáde, á wá máa rún. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni kí ẹ wá, ìwọ̀n kan sí yanrìn méjì, kí ẹ fẹsẹ̀ pò ó. Ẹ ṣù ú bí ọsàn, kí ẹ jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́, omi ò tó. Tó bá balẹ̀ tó ṣì dì mọ́ra, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ sá ìṣù kan sóòrùn pẹ̀lú. Bó bá sán yánnayànna, ẹ fi yanrìn kún un.

Ẹ kó yanrìn tútù jọ sórí bíríkì náà, kó fẹ̀ tó ínṣì 24, kó ga tó 16, kí ẹ fi bébà ìròyìn tí ẹ ti rẹ sómi bò ó. Ààbọ̀ bíríkì àti amọ̀ oníyanrìn yẹn ni ẹ ó fi mọ yí i ká, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: bí inú bá ga ní ínṣì 16, kí ẹnu ga ní 10. Bó bá ga jù, ibẹ̀ ni ooru ń gbà lọ; bó bá kúrú jù, èéfín á pa iná. Ẹ wá fi amọ̀ oníyẹ̀ pákó rẹ́ ẹ níta, kó nípọn tó ínṣì 3.

Nígbà tí amọ̀ bá le, ẹ wa yanrìn inú rẹ̀ jáde títí ẹ ó fi kan bébà. Ẹ má kánjú dá iná ńlá o! Igi wẹ́wẹ́ díẹ̀ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, títí ooru omi kò fi ní yọ lára rẹ̀ mọ́. Bó bá sán tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi amọ̀ dí i.

Lọ́jọ́ búrẹ́dì, èéfín á kọ́kọ́ sọ òrùlé inú dúdú. Nígbà tí dúdú yẹn bá jó tán, tí bíríkì padà sí àwọ̀ ara rẹ̀, ẹ wọ́ ẹyin iná jáde, kí ẹ fi àkísà tútù tí ẹ so mọ́ igi nu ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sínú. Tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ ní sùúrù. Tó bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ ti agolo búrẹ́dì wọlé, kí ẹ fi pákó tí ẹ ti rẹ sómi dé ẹnu rẹ̀. Ooru tó bá ṣẹ́kù tó yan ẹ̀pà, kí ẹ tún sá ata gbẹ nínú rẹ̀ mọ́jú.